Orílẹ̀ Nínú Orin Wa

Ìwọ ọmọ mi tí o ń ka ìwé yìí, bí ẹnikẹ́ni bá bi ọ́ pé níbo ni ilé rẹ, ìwọ yóò dárúkọ ìlú tí bàbá rẹ kọ́lé sí, tàbí àdúgbò tí ẹ ń gbé ní Ìbàdàn tàbí ní Èkó. Ṣùgbọ́n bí àgbàlagbà kan bá bi ọ́ pé kí ni orílẹ̀ rẹ, ìdáhùn mìíràn ni ó ń retí. Ó ń retí orúkọ ìlú kan tí ó ṣeé ṣe kí ẹsẹ̀ rẹ má tíì tẹ̀ rí, tí bàbá rẹ kò gbé, tí bàbá bàbá rẹ pàápàá kò gbé. Orílẹ̀ tí etí rẹ mọ̀ lónìí ni èyí tí a so mọ́ èdè, tí a ń pè ní orílẹ̀-èdè, tí ẹ ń kọ orin rẹ̀ ní òwúrọ̀ kí ẹ tó wọ kíláàsì. Èyí tí mo fẹ́ bá ọ sọ yìí dàgbà jù ú lọ. Orílẹ̀ ni ibi tí àwọn ènìyàn wa ti ṣẹ̀, ó sì sábà máa ń jẹ́ ibi tí ogun, ìyàn tàbí ìjà oyè ti lé wọn kúrò. Ìdí nìyí tí a fi ń pe ibi tí Ìjàyè wà kí Ìbàdàn tó fọ́ ọ ní 1862 ní Orílẹ̀-Ìjàyè, tí Orílẹ̀-Ìgbọ́n sì wà ní agbègbè Ògbómọ̀ṣọ́, tí Orílẹ̀-Ìlúgùn wà ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá.

Ó yẹ kí ọ̀rọ̀ yìí yà ọ́ lẹ́nu díẹ̀. Nígbà tí onílù tàbí onírárà bá fẹ́ bu ọlá tí ó ga jù fún ọmọ Yorùbá, kì í ṣe ilé tí ó ń gbé tàbí ọkọ̀ tí ó gùn wá ni yóò fi kì í. Ibi tí àwọn bàbá rẹ̀ ti ṣí kúrò ni yóò fi kì í. Bí ó bá kì í dáradára, orí ẹni náà yóò wú, yóò dìde lórí ìjókòó, nígbà mìíràn omi yóò sì lé ròrò sí i lójú, nítorí ìlú tí kò dé rí. Àárò ilé ni a ń pe irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹ̀yà ènìyàn tí kò ní orin àárò ilé. Ṣùgbọ́n gbogbo orin tí ó bá dárúkọ ilé kọ́ ni ó mọ ilé. Nínú àròkọ yìí, mo fẹ́ kí àwa méjèèjì yẹ àwọn orin wọ̀nyí wò bí ọlọ́jà ti ń yẹ aṣọ wò, kí a lè mọ èyí tí ó jẹ́ ojúlówó àti èyí tí ó kàn ń dán. N kò ní fi ara mi pamọ́ nínú ọ̀rọ̀ náà, nítorí pé mo ti kùnà nínú rẹ̀ rí, ìwọ yóò sì gbọ́ bí ó ti ṣẹlẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí ó sọ àárò náà di ńlá. Ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ogun gba ilẹ̀ Yorùbá kan láti ìhà kan dé ìhà kejì. Òwu fọ́. Ọ̀yọ́ Ilé, tí í ṣe olú-ìlú àwọn Aláàfin, di ahoro láàárín 1830 sí 1840, Aláàfin Àtìbà sì tẹ Ọ̀yọ́ tí a mọ̀ lónìí dó ní ìhà gúúsù. Ìkòyí, ìlú Oníkòyí tí í ṣe olórí àwọn ọba Ẹkùn Òsì, tú ká. Àwọn Ẹ̀gbá fi ọ̀pọ̀ ìlú wọn sílẹ̀, wọ́n sì kó jọ sí abẹ́ àpáta Olúmọ ní 1830. Àwọn tí wọ́n sá kò rí ilé gbé, wọn kò rí oko gbé, wọn kò sì lè hu igi ìrókò ẹnu odi wọn. Ohun tí kò wúwo ni wọ́n gbé, orin sì ni. Kì í ṣe ogun ni ó dá oríkì orílẹ̀ sílẹ̀; ṣùgbọ́n nígbà tí ìlú lọ tí orúkọ ìlú kù, ẹrù tí orúkọ náà ń rù di púpọ̀.

Ní ìlú bí Ìbàdàn tàbí Ògbómọ̀ṣọ́, níbi tí àwọn tí ogun lé ti wọlé láti ọ̀nà púpọ̀, agboolé ará Ìkòyí àti agboolé ará Ọ̀fà lè fẹ̀gbẹ́ kan ara wọn, kí wọ́n máa mu omi odò kan, kí wọ́n máa ná ọjà kan. Orin ni ó ń sọ ẹni tí olúkúlùkù í ṣe. Karin Barber, obìnrin ọ̀mọ̀wé ará Ìlú Ọba tí ó gbé ní Òkukù fún ọdún mẹ́ta láàárín 1970 sí 1980, kọ ìwé ńlá kan lórí oríkì ìlú náà, ìwé náà sì jáde ní 1991. Ó fi hàn níbẹ̀ pé ìlú tí a ti ṣẹ̀ wá ni òpó tí oríkì orílẹ̀ fara tì. Àwọn ará Òkukù fúnra wọn kò gbàgbé Kọ̀ọ̀kin, ìlú tí wọ́n gbé kí ogun tó lé wọn.

Ọ̀nà tí a ń gbà gbé oríkì orílẹ̀ jáde pọ̀. Onílù ń fi dùndún sọ ọ́. Onírárà ń fi rárà sun ún. Ọdẹ ń fi ìjálá gbé e. Eléégún ń fi ẹ̀ṣà pè é. Ṣùgbọ́n bí o bá ní kí n mú ẹyọ kan tí àárò ilé inú rẹ̀ jinlẹ̀ jù, ẹkún ìyàwó ni n ó mú, èyí tí àwọn mìíràn ń pè ní rárà ìyàwó. Àwọn ará Ọ̀yọ́ àti àwọn ìlú tí ó bá wọn tan, bí Ìsẹ́yìn, Ògbómọ̀ṣọ́, Ìkìrun àti Òkukù, ni ó ni ín. Nígbà tí ọmọbìnrin bá ń lọ sí ilé ọkọ, yóò wọ aṣọ tí ó dára jù, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò tẹ̀ lé e, yóò sì máa lọ láti ọ̀dọ̀ ìbátan kan dé ọ̀dọ̀ òmíràn. Yóò kúnlẹ̀ níwájú bàbá, yóò kì í. Yóò kúnlẹ̀ níwájú ìyá, yóò kì í. Yóò dúpẹ́ oúnjẹ àti aṣọ, yóò sì tọrọ ìwúre. Àwọn àgbà yóò súre fún un, wọn yóò sì fún un lówó. Kì í ṣe iṣẹ́ akọrin tí a háyà. Ọmọbìnrin kọ̀ọ̀kan ni ó ń kọ́ ọ lẹ́nu ìyá, lẹ́nu ìyá àgbà àti lẹ́nu àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kí ọjọ́ náà tó pé.

Ṣe àkíyèsí nǹkan kan níhìn-ín. Ilé ọkọ náà lè wà ní òdì kejì ọjà lásán. Síbẹ̀ ọmọbìnrin náà ń sunkún bí ẹni tí ó ń lọ sí òkèèrè, ó sì ń fi orúkọ ìlú tí àwọn bàbá ńlá rẹ̀ fi sílẹ̀ dágbére fún ilé tí òun náà ń fi sílẹ̀. Ìpínyà méjì di ọ̀kan ní ẹnu rẹ̀. Ibi tí agbára orin náà wà nìyẹn: ẹni tí ó ń lọ ń kọ́ bí a ti ń lọ lọ́dọ̀ àwọn tí wọ́n ti lọ ṣáájú rẹ̀.

Ní báyìí, báwo ni a ó ṣe mọ ojúlówó? Àmì kìíní ni pé orin náà mọ ohun tí ó wà nílé. Mo ṣe iṣẹ́ olùkọ́ fún ogójì ọdún, láti 1979 tí mo jáde ní ilé-ẹ̀kọ́ olùkọ́ni títí di 2019 tí mo fẹ̀yìn tì gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá ilé-ìwé. Lọ́dọọdún ni mo ń fún àwọn ọmọ kíláàsì mi ní àròkọ tí àkọlé rẹ̀ jẹ́ "Ìlú Mi". Bí mo bá gba ogójì ìwé, bóyá ni méjì nínú wọn kò ní sọ fún mi pé afẹ́fẹ́ ìlú náà tutù, pé àwọn ẹyẹ ń kọrin lórí igi, àti pé àwọn ará ibẹ̀ fẹ́ràn àlejò. Bí mo bá fi ọwọ́ bo orúkọ ìlú náà, n kò lè mọ̀ bóyá Ìwó ni tàbí Ìjẹ̀bú-Òde. Ọ̀pọ̀ orin òde òní tí ó ń yin abúlé kò sàn ju ìwé àwọn ọmọ wọ̀nyẹn lọ. Wọ́n ń sọ pé ilé dùn. Wọn kò sọ ohun tí ó dùn níbẹ̀.

Oríkì orílẹ̀ kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Bí o bá gbọ́ ti Ọ̀fà, ìwọ yóò gbọ́ nípa ìjàkadì, ìwọ yóò sì gbọ́ orúkọ Ọlálọmí tí ó jẹ́ baba ńlá wọn. Bí o bá gbọ́ ti Ìkòyí, ìwọ yóò gbọ́ nípa ogun, nípa ọfà, àti nípa jagunjagun tí sísá kò sí nínú àdéhùn rẹ̀. Bí o bá gbọ́ ti ìdílé Òpómúléró, òpó tí ó gbé ilé dúró ni ìwọ yóò máa gbọ́. Fi ọwọ́ bo orúkọ bí ó ti wù ọ́. Ìjàkadì, ogun àti òpó yóò sọ orúkọ náà fún ọ. Àwọn tí wọ́n ṣe orin wọ̀nyí kò ráyè fún ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ tútù. Wọ́n mọ̀ pé ọmọ tí kò dé ìlú kan rí kò lè rántí adùn rẹ̀, ṣùgbọ́n ó lè mọ iṣẹ́ tí wọ́n ṣe níbẹ̀.

Àmì kejì ni òtítọ́. Ìwọ lè rò pé ìyìn nìkan ni oríkì. Rárá o. Oríkì a máa mẹ́nu kan ìjà láàárín ọmọ ìyá, ọba tí ọwọ́ rẹ̀ le, àti ìwà tí àwọn aládùúgbò fi ń ṣe ẹlẹ́yà ẹni. Àwọn onílé ń gbọ́ ọ, wọ́n ń rẹ́rìn-ín, wọn kì í bínú, nítorí pé àléébù náà pẹ̀lú jẹ́ tiwọn. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ẹkún ìyàwó. Ìyàwó kì í sọ pé gbogbo nǹkan yóò dára. Ó ń sọ ẹ̀rù tí ń bà á: ẹ̀rù orogún, ẹ̀rù ìyá ọkọ tí ẹnu rẹ̀ mú, ẹ̀rù àìrọ́mọbí. Ó ń sọ pé ìgbà eré òun ti tán. Kí o má sì ṣe gbàgbé pé òmíràn nínú àwọn ọmọbìnrin náà kò yan ọkọ fúnra rẹ̀. Bàbá ni ó bá a yàn án, ẹkún tirẹ̀ kì í sì í ṣe ti àṣà nìkan. Nítorí náà, ẹni tí ó bá sọ fún ọ pé kò sí ohun tí kò dùn ní ayé àtijọ́, kò tíì fetí sí orin ayé àtijọ́. Àárò tí ó bá fi àléébù ilé pamọ́ kì í ṣe àárò ilé. Àlá lásán ni.

Àmì kẹta ni ó ṣòro jù: orin ilé gbọdọ̀ mọ ẹni tí a ń kọ ọ́ fún. Àwọn kan ń sọ pé owó ni ó ba orin wa jẹ́. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Láti ayébáyé ni àwọn àyàn ti ń fi ìlù jẹun, tí onírárà sì ń dúró lẹ́nu ọ̀nà ọlọ́rọ̀. Nígbà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi oko sílẹ̀ lọ sí Èkó àti Ìbàdàn, àwọn akọrin gbé àṣà náà tẹ̀ lé wọn. Háruna Ìṣọ̀lá ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó, tí ó kú ní 1983, gbé oríkì sínú àpàlà. Yusuf Ọlátúnjí, tí ó kú ní 1978, gbé e sínú sákárà ní Abẹ́òkúta. Nínú àwo wọn ni oníṣòwò tí ó ń tajà láàárín àwọn tí kò mọ̀ ọ́n ti ń gbọ́ orúkọ bàbá rẹ̀ àti orúkọ ìlú rẹ̀. Owó wà níbẹ̀, ìmọ̀ náà sì wà níbẹ̀. Akọrin tí ó bá ṣi orúkọ ìyá ènìyàn pè ní gbangba, ojú yóò tì í, nítorí àwọn tí ó jókòó mọ òtítọ́. Nítorí náà, owó tí akọrin gbà kọ́ ni ó ń sọ orin di òfìfo. Orin di òfìfo ní ọjọ́ tí kò sí ẹnìkan mọ́ nínú àwùjọ tí yóò mọ̀ bí akọrin bá ṣìnà.

Èyí ni mo fi ojú ara mi rí, nínú ilé ara mi. Ará Ìkòyí ni wá, ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ìyá mi sun ẹkún ìyàwó nígbà tí wọ́n ń mú un bọ̀ nílé bàbá mi, ó sì di ìyàwó ilé tí ó mọ oríkì ilé wa ju àwa tí a bí síbẹ̀ lọ. Ní 1995, nígbà tí ọmọbìnrin mi pé ọmọ ọdún mẹ́wàá, ìyá mi pè mí, ó ní, "Àkànní, jẹ́ kí ọmọ yìí wá lo ìsinmi lọ́dọ̀ mi, kí n fi oríkì ilé bàbá rẹ̀ sí i lẹ́nu." Mo dá a lóhùn pé ọmọ náà ń múra ìdánwò àtiwọ ilé-ẹ̀kọ́ girama, àti pé ìṣirò ni ó ń dà á láàmú, kì í ṣe oríkì. Ìyá mi kò bá mi jà. Ó ní, "Ó dáa, ẹ̀yin ni ẹ mọ̀wé." Ní 1998, ó papò dà.

N kò lè sọ pé àìmọ̀kan ni ó ṣe mí. Ní ilé-ìwé tí mo ti kọ́kọ́ ṣe olùkọ́, a ń gba owó ìtanràn lọ́wọ́ ọmọ tí ó bá sọ Yorùbá nínú ọgbà ilé-ìwé, èmi sì ni mo ń kọ orúkọ wọn sílẹ̀. Ní ọjọ́ kan mo kọ orúkọ ọmọbìnrin kan nítorí pé ó ń fi rárà ki ọ̀rẹ́ rẹ̀ nídìí kànga. Ohùn ọmọ náà dára, mo sì dúró gbọ́ ọ tán kí n tó mú gègé jáde. Mo ti gbàgbé orúkọ rẹ̀. N kò gbàgbé pé mo kọ́kọ́ gbádùn ohun tí mo fìyà rẹ̀ jẹ ẹ́.

Ní 2011, ọmọbìnrin mi ṣe ìdána. A háyà alága ìjókòó kan, obìnrin tí ohùn rẹ̀ tutù bí omi àmù, a sì san owó rẹ̀ pé. Nígbà tí ó tó àkókò tí ọmọ náà yóò kúnlẹ̀ gba ìwúre, alága gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn sẹ́nu, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kì í. Ọmọ mi bú sẹ́kún. Ìyá rẹ̀ bú sẹ́kún. Àwọn àlejò ń ná owó, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Èmi náà pàtẹ́wọ́. Ìgbà náà ni àbúrò bàbá mi, tí ó ti lé ní ẹni ọgọ́rin ọdún, fà mí láṣọ, ó sì sọ sí mi létí pé, "Tíṣà, ọmọ ta ni wọ́n ń kì yẹn?"

Mo tẹ́tí sílẹ̀. Ìjàkadì ni alága ń wí. Oríkì Ọ̀fà ni ó ń kì láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó sì ń kì í dáradára. Àwa kì í ṣe ará Ọ̀fà. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Nínú gbogbo èrò tí ó kún abẹ́ àtíbàbà náà, àgbà kan ṣoṣo ni ó rí i pé orí ọmọ ti wọ́.

N kò dá alága lẹ́bi. Bí a bá fi àmì mẹ́ta wa wọn orin rẹ̀, méjì àkọ́kọ́ pé sí i: ó mọ ohun tí ó wà ní Ọ̀fà, kò sì parọ́ nípa Ọ̀fà. Ẹ̀kẹta ni kò sí, ọwọ́ wa ni ó sì yẹ kí ó ti rí i gbà. Ká ní ó bi mí kí ó tó bẹ̀rẹ̀, orúkọ Ìkòyí nìkan ni mo lè fún un. N kò ní gbólóhùn méjì tí mo lè fi tẹ̀ lé e. Òótọ́ ni ẹkún tí ọmọ mi sun lọ́jọ́ náà. Àárò ilé mú un ní tòótọ́, ṣùgbọ́n ilé onílé ni wọ́n fi sìn ín lọ sílé ọkọ. Èmi tí mo fi ogójì ọdún kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní ìwé, n kò jẹ́ kí wọ́n kọ́ ọmọ mi ní orúkọ ara rẹ̀.

Bóyá ìwọ yóò bi mí pé, "Bàbá, kí ni ìlú tí ó ti di igbó yóò ṣe fún èmi tí mo fẹ́ di dókítà?" Ìbéèrè gidi ni, n kò sì ní fi òwe kan pa ọ́ lẹ́nu mọ́. Wo ohun tí àwọn tí wọ́n ń kọ orin náà ṣe. Púpọ̀ nínú wọn kò padà. Wọ́n fi orúkọ Ọ̀yọ́ Ilé, Òwu àti Ìkòyí sẹ́nu, wọ́n sì kọ́ ilé tuntun, wọ́n dá oko tuntun, wọ́n tẹ ọjà tuntun. Àárò kò so wọ́n lọ́wọ́. Orin náà kò sọ fún wọn pé kí wọ́n padà sẹ́yìn. Ó sọ fún wọn pé wọn kì í ṣe ẹni tí kò ti ibì kankan wá. Ẹni tí ó mọ̀ pé àwọn ènìyàn òun ti pàdánù ilé, oko àti ọjà lẹ́ẹ̀kan rí, tí wọ́n sì tún bẹ̀rẹ̀, kò ní tètè sọ ìrètí nù bí ayé bá gbé òun náà dé ibi tí ẹnikẹ́ni kò mọ̀ ọ́n. Mo rò pé dókítà pàápàá lè nílò irú ìmọ̀ bẹ́ẹ̀.

Má sì ṣe jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọ́ ọ láti fi orílẹ̀ rẹ gàn ẹlòmíràn. Ẹkún ìyàwó fúnra rẹ̀ kò gba irú ìgbéraga bẹ́ẹ̀ láàyè. Ọmọbìnrin náà ń ki bàbá rẹ̀ ní orílẹ̀ kan, ó ń ki ìyá rẹ̀ ní orílẹ̀ mìíràn, ó sì ń lọ bí ọmọ fún orílẹ̀ kẹta. Ìlú mẹ́ta ni yóò wà ní ẹnu ọmọ tí yóò bí. Èwo nínú wọn ni ọmọ náà yóò bú tí kò ní bú ara rẹ̀?

Lẹ́yìn ìdána yẹn, mo mú ìwé kan àti gègé, mo lọ bá àbúrò bàbá mi. Ó rẹ́rìn-ín sí mi, ó ní, "Tíṣà, ohun tí ìyá rẹ fẹ́ fún ọmọ rẹ lọ́fẹ̀ẹ́ ni o wá ń tọrọ yìí." Ó ń wí, mo ń kọ. A kọ ojú ewé mọ́kànlá kí ó tó kú ní 2014. Ibì kan wà tí òun náà ti gbàgbé, tí ó máa ń sọ pé, "Ìyá rẹ ni ó mọ ìyókù." Mo fi àyè sílẹ̀ fún irú ibi bẹ́ẹ̀ nínú ìwé náà. Àyè náà ṣófo títí di òní, n kò sì mọ ẹni tí yóò bá mi dí i. Ṣùgbọ́n ọmọbìnrin mi ti kọ́ ohun tí ó wà nínú ìwé náà, ọmọ rẹ̀ obìnrin tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́sàn-án sì ti mọ ojú ewé mẹ́rin. Ohùn ọmọ náà kò tíì dára, ó sì máa ń sáré lé e bí ẹni tí ń ka a, b, d. Síbẹ̀, bí o bá fi ọwọ́ bo orúkọ ìlú wa, ìwọ yóò mọ̀ pé Ìkòyí ni ilé ìyá rẹ̀.

Nítorí náà, ọmọ mi, iṣẹ́ tí mo fún ọ kò pọ̀. Ìwé wà tí o lè kà. Adébóyè Babalọ́lá tẹ Àwọn Oríkì Orílẹ̀ jáde ní 1967, ó sì yẹ kí ó wà ní yàrá ìkàwé ilé-ìwé rẹ. Kà á, ṣùgbọ́n rántí pé ìwé mọ ìdílé. Kò mọ ìwọ. Nígbà ìsinmi tí ń bọ̀, lọ kúnlẹ̀ tàbí kí o dọ̀bálẹ̀ fún obìnrin tí ó dàgbà jù nínú ẹbí rẹ, nítorí àwọn ìyàwó ilé ni wọ́n sábà máa ń mọ oríkì ilé jù. Bi í ní ohun mẹ́ta: kí ni orílẹ̀ wa, iṣẹ́ wo ni a ń ṣe níbẹ̀, àléébù wo ni oríkì wa kò fi pamọ́? Kọ ọ́ sílẹ̀ bí ó bá ti sọ ọ́. Má ṣe tún un ṣe kí ó lè dùn. Bí ó bá ní òun ti rẹ̀, padà lọ ní ọjọ́ kejì. Má ṣe sọ fún un, bí mo ti sọ fún ìyá mi, pé ìdánwò ń bọ̀. Ìdánwò yóò kọjá, wàá rí òmíràn ṣe. Obìnrin náà kò ní dúró.

Ọjọ́ ń bọ̀ tí wọn yóò kì ọ́ ní gbangba, ní ìgbéyàwó rẹ tàbí nígbà oyè rẹ. Kí ó má ṣe jẹ́ pé wọn yóò kì ọ́ ní ọmọ ẹlòmíràn, kí ìwọ náà sì máa pàtẹ́wọ́.